Okùn Ẹ̀yìn Òkúta Pápá Bàálù

Dongguan,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1994.

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù tó kù, ẹ kú wàhálà ọmọ, ẹ kú àdádó ilé. Ṣé ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gun òkè odò? Èmi wà o. Mò ń jẹun, mò ń rán bàtà, ẹ má dààmú nípa tèmi. Àwa méjìlá la ṣì wà nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì òkè lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n fún mi. Guangli ọkọ mi kọ̀wé láti Hainan níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó ní kí n bá òun kí bàbá ìyàwó òun.

Ẹ jọ̀ọ́, Bowen ńkọ́? Ikọ́ yẹn ńkọ́? Bí ẹ̀rọ ìránbàtà bá ń dún níwájú mi, ikọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀. Alábòójútó wa ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì pé mò ń rán ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, n kò sì ní fi pamọ́. Yulan, ọmọ àwọn Tang, ti dé láti ilé lẹ́yìn ọdún tuntun. Kò tíì gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tó fi sọ lójú gbogbo yàrá pé, "Suyun, bàbá ẹ ti wá bàbá alágbàtọ́ fún ọmọ ẹ o. Òkúta ni." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ó wá ṣàlàyé: ẹ ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sun tùràrí, ẹ so aṣọ pupa mọ́ òkúta ìtẹ́lẹ̀ tó wà ní ìparí pápá bàálù àtijọ́, ẹ sì ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta foríbalẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta kó pè é ní bàbá.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí gbogbo abúlé ń sọ pé ọmọbìnrin ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe fáàrí pé ọmọ yín mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Òkúta kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Kò ní etí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ tó ń wúkọ́ láti ìgbà ìkórè?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí kò pọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, kì í ṣe tàwọn olóògùn inú ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Kí ẹ sì fi ìwé dókítà gan-an ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ohun tí ẹ bá sọ pé dókítà sọ. Mo mọ̀ yín. Tí ilé bá ń jóná, ẹ máa ní kò tutù jù lónìí.

Mo fi súẹ́tà àti oògùn ikọ́ rán ẹ̀gbọ́n Yulan. Ẹ dín ata tó ń jẹ kù. Ẹ má bínú sí lẹ́tà yìí. Ta ni kí n tún bínú sí tí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ọmọ yín,
Suyun.


Abúlé Heiba,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta.

Suyun,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á tán, mo jẹun, mo tún kà á. Ẹsẹ̀ ń ro mí bó ṣe ń ro mí. Ìwọ nìkan lo béèrè rẹ̀, o ṣeun.

Ọmọ wà. Lánàá ó jẹ àwo ìrẹsì kan ààbọ̀, ó sì lé pẹ́pẹ́yẹ àwọn Tang wọ inú odò. Súẹ́tà tóbi, mo ká apá rẹ̀. Oògùn tí o rà dùn jù, ó ń bẹ̀ mí fún un bíi súìtì, mo ti gbé e sórí àjà.

O ní òkúta kò ní etí. Ta ló sọ fún ọ pé mo bá a sọ̀rọ̀? Dókítà inú ìlú ti wo ọmọ kí n tó ra ẹran rárá. Ó ní àyà rẹ̀ kò lágbára. Mo ṣe ti dókítà, mo ṣe tèmi. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì kì í fi ọ̀kan rìn.

Ìwọ tí o dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn, tí o ń sá ata lé e lórí, mo rí i pé o kò mọ̀ ọ́n. Mi ò kọ́ ọ ni. Jẹ́ n kọ́ ọ.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1944, olórí àdúgbò wá pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ pápá bàálù ogun: ilé kan, ẹnì kan. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi Mingde ló jáde. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e, n kò sì padà sílé. Àwọn mìíràn rin ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n tó dé, pẹ̀lú kúbùsù àti ìrẹsì lẹ́yìn wọn. Àwa ò rìn jìnnà. Oko wa ni wọ́n fi ṣe pápá. Bí o bá dúró lórí òkè odò láàárọ̀, o kò ní rí ilẹ̀. Orí ènìyàn lo máa rí títí ojú rẹ yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Kò sí katakata. Ọwọ́ ni. A fi apẹ̀rẹ̀ ru òkúta láti inú odò Min. Àwọn obìnrin jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò di òrùka ọparun mú. Òkúta tí kò bá gba inú òrùka yẹn kọjá, á jù ú padà sí ẹsẹ̀ ẹni tó fọ́ ọ. Ìyá mi fọ́ òkúta títí ìka rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. A ó tẹ́ òkúta, a ó da ẹrẹ̀ pupa lé e, a ó tún tẹ́ òkúta. Òkúta ìtẹ́lẹ̀ yẹn ló ń gorí gbogbo rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ó rí rìbìtì bí àgbá, ó sì ga jù mí lọ. Igba ènìyàn ló ń fà á. Ẹnì kan tó di àsíá kékeré mú á dá orin, a ó gbè é. Tí òkúta bá ti ń yí, kì í mọ olówó rẹ̀ mọ́.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó parí. Nígbà tí bàálù àkọ́kọ́ fẹ́ balẹ̀, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, tó tóbi ju gbọ̀ngàn ìpàdé lọ, gbogbo wa la di ojú wa, a ń dúró kí ilẹ̀ fọ́. Ilẹ̀ kò fọ́. Kò tilẹ̀ mì. Òyìnbó kan sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi bàtà gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ àtàǹpàkò sí wa. Bàbá mi, tó jẹ́ pé oko ẹ̀wà rẹ̀ ni wọ́n ń gbá, yọ tirẹ̀ padà. Láti orí oko ẹ̀wà yẹn ni bàálù ti lọ bá àwọn ọ̀tá tó ń ju bọ́ǹbù lé wa lórí, nílé wọn.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé òkúta ni.

Ohun kan kù. O kò wálé ní ọdún tuntun. Mo fi fọ́tò tí ẹ̀yin mẹ́fà yà níwájú ilé iṣẹ́ han Bowen, mo ní kó fi ìyá rẹ̀ hàn mí. Yulan ló tọ́ka sí.

Bàbá rẹ,
Deng Mingfa.


Dongguan,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ọmọ, mo kí ilé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yẹn wọ̀ mí lára. N kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Yulan ní kí n má sunkún, pé òun ló rẹwà jù nínú fọ́tò náà, pé ọmọ náà lójú. Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ odindi ojú ìwé méjì nípa òkúta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin nípa àyà ọmọ mi. "Àyà rẹ̀ kò lágbára." Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni? Ṣé ó ń rù? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́? Tí n kò bá rí ìwé dókítà kí oṣù Karùn-ún tó dé, màá ní kí ẹ̀gbọ́n Yulan gbé e bọ̀ wá bá mi níbí. N kò mọ ibi tí màá fi í sí nínú yàrá ènìyàn méjìlá, àmọ́ n kò ní jókòó máa rán bàtà fún ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kí ọmọ tèmi máa foríbalẹ̀ fún òkúta.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ka ìtàn yẹn sétí àwọn ará yàrá wa. Obìnrin kan wà láti Hunan, Ẹ̀gbọ́n Zhu, tó máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo nǹkan. Ó ní, "Gbogbo ará Sichuan ni bàbá wọn kọ́ pápá bàálù. Ta ló wá ń gbin ata?" Mo ní ìyá bàbá mi ló fọ́ òkúta rẹ̀, pé ó ń gba inú òrùka ọparun. Ó ní, "Òrùka ọparun? Ìyẹn, wọn kì í fi purọ́." N kò mọ̀ pé orí mi wú títí mo fi rí i pé mo ti dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Níbí, tí a bá ń ti kẹ̀kẹ́ tó kún fún àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ẹnì kan máa ń wà níwájú, ẹni méjì á di okùn mú lẹ́yìn kó má baà gorí ẹni iwájú. Ẹ ní igba ènìyàn ló wà níwájú òkúta yín. Tó bá ti ń yí, ta ló ń dá a dúró?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ti ọmọ lẹ kọ́kọ́ kọ.

Suyun.


Dongguan,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin.

Bàbá,

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún rèé, kò sí lẹ́tà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ní ẹnu ọ̀nà kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá ti rí mi báyìí, á kàn mi orí.

Màmá Yulan kọ̀wé sí i. Ó ní àwọn ará ìjọba ìlú wá sídìí òkúta pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀, pé ẹ gbé ọkọ́ jáde sí wọn. Ìyẹn kò kàn mí. Ó tún ní òun rí yín nínú bọ́ọ̀sì ọsibítù ńlá, ẹ fi kúbùsù wé Bowen. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Bàbá, kí lẹ fi ń pamọ́ fún mi?

Suyun.


Abúlé Heiba,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún.

Suyun,

Jókòó kí o tó kà á.

Ìwé méjì ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ti dókítà ni, kì í ṣe tèmi. Èkínní, ti oṣù Kẹta, sọ pé òjìji kan wà nínú fọ́tò àyà, kí n gbé ọmọ padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Èkejì, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sọ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àpá ikọ́ líle tó ṣe é nígbà ìkórè ni, ó sì ti ń jinná. Ọmọ ti fi kílò kan sanra. Ka èkejì ṣáájú. Ó yẹ kí n ti sọ èyí lókè, o kìlọ̀ fún mi.

N kò kọ̀wé nítorí pé òjìji ni mo ní lọ́wọ́. Mo ní kí n má fi òjìji rán ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ. Mo rò pé mò ń ṣàánú rẹ ni. Màmá Yulan ní ìkà ni mo ṣe. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù rèé. Ó pé àádọ́ta ọdún tí pápá yẹn parí. Ìjọba ìlú fẹ́ gbé òkúta lọ síwájú ilé ẹ̀kọ́ inú ìlú, kí àwọn ọmọ lè máa rí i. Ọ̀gbẹ́ni kan wá, Pu lorúkọ rẹ̀, ó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tuntun. Ó ní, "Bàbá Deng, òkúta yìí, ti gbogbo ènìyàn ni."

Mo ní, "Gbogbo ènìyàn dà? Mi ò rí wọn nígbà tí mò ń ro koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, ṣé òkúta ní ìdílé ni?"

Mo ní, "Ó ní ọmọ mẹ́rìnlá."

Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá Yulan wá yọ lẹ́yìn igi ọparun pẹ̀lú irun funfun rẹ̀, ó ní, "Èmi ni àkọ́bí." Ọ̀gbẹ́ni Pu pa ìwé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ó tún un ṣí, ó ní ká ka orúkọ wọn fún òun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n sọ fún ọ pé ibà ló pa Mingde ẹ̀gbọ́n mi ní pápá. Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ, òun ló sọ fún ọ. Kì í ṣe ibà. Òjò rọ̀ ní oṣù kẹta iṣẹ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ níwájú òkúta. Wọn kò lè dá òkúta náà dúró. Lọ́jọ́ kejì, mo di ipò rẹ̀ lórí okùn mú, torí ìpín iṣẹ́ Heiba kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ìpín wa kò sì kẹ́yìn. Márùn-ún ló kú nínú wa kó tó parí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá àwọn Tang bí ọmọ kan tí kò lè mí dáadáa. Ó gbé e lọ sídìí òkúta, ó ní, "O ti gba ènìyàn lọ́wọ́ wa. Gba èyí, kí o tọ́ ọ." Ọmọ yẹn ni bàbá Yulan. Láti ìgbà náà, ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá le ní Heiba, òkúta là ń gbé e fún. Ní ọdún tí ìjọba ń kó ìkòkò ọbẹ̀ lọ yọ́ láti fi ṣe irin, wọn kò rí i gbé. Ní ọdún tí wọ́n fi òfin de tùràrí, àwọn ènìyàn ṣì ń lọ.

Ní ọdún yẹn gan-an, ọmọ ọdún méjì kan wà tí ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ pa. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sídìí òkúta pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ ìrẹsì kan, láìsí tùràrí, láìsí aṣọ pupa, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sá ata. Ìwọ ni. Ìyá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, pé o kàwé, o ó máa tijú wa. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú, mo rò pé kò ní bínú sí mi.

Òfin tiwa ni pé wọn kì í ṣí bàbá alágbàtọ́ nípò láì jẹ́ pé ọmọ sọ ọ́ fún un. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méje, ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Àwọn méjìlá ti sọ tiwọn. Ẹnu méjì ló kù, ìwọ lo sì ni méjèèjì.

Bí o bá ní kí òkúta má lọ, kò ní lọ, kí ìlú bínú. Bí o bá ní kó lọ, mo ń bẹ̀rù pé wọn yóò kọ "àwọn ará ìlú ló kọ́ pápá yìí" sára rẹ̀, Mingde yóò sì tún wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. N kò mọ èyí tó dáa. Wọ́n fẹ́ ìdáhùn kí oṣù yìí tó parí.

Ọkọ̀ agbẹ́rù tí wọ́n gbé wá láti fi gbé e ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà. Ọ̀gbẹ́ni Pu wá bi wá pé báwo la ṣe gbé e nígbà náà. A na ọwọ́ wa sí i.

O béèrè ta ló ń dá a dúró. N kò tíì mọ bí mo ṣe máa dáhùn.

Bàbá rẹ.


Dongguan,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo jókòó kí n tó kà á, bí ẹ ṣe wí. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo jókòó sí, torí ibẹ̀ nìkan ni alábòójútó kì í wọ̀. Mo ka ìwé dókítà kejì ṣáájú, mo sunkún níbẹ̀ títí Ẹ̀gbọ́n Zhu fi ń kan ilẹ̀kùn pé ṣé mo ti kú ni. Ẹ má tún fi òjìji pamọ́ fún mi mọ́. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ránṣẹ́, ká jọ gbé e. Ẹ̀yin ni bàbá, èmi ni ìyá. Kò sẹ́ni tó kéré nínú wa.

Bàbá, mo rántí. Kí n tó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi máa ń ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. "Kí i," ló máa ń wí. "Kí òkúta?" "Kí i, kò ní ná ọ ní nǹkan kan." Ní ọjọ́ ìdánwò girama, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì ń fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Òwúrọ̀ ni, òtútù òkúta yẹn ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. N kò mọ̀ pé ó ń mú mi lọ kí bàbá ni.

Mo sọ fún Yulan pé òkúta tó fi mí rẹ́rìn-ín, òun ló tọ́ bàbá rẹ̀ dàgbà. Ó jẹun rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ó dáa, tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá àgbà mi ni. Ìwọ, àǹtí mi ni ọ́. Lọ fọ abọ́ mi." Mo ní àǹtí kì í fọ abọ́.

Mo ti rò ó. Kí ó lọ. Ọmọ tó bá wà nínú abúlé wa mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ inú ìlú ni kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní lọ bí ọmọ òrukàn. Mo ti kọ ìwé kan tó wà nínú àpò yìí, ẹ fi fún Ọ̀gbẹ́ni Pu. Mo dà á kọ síbí kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀:

"Sí ìjọba ìlú. Èmi, Deng Suyun, ọmọ òkúta pápá Heiba, tí mo tún jẹ́ ìyá ọmọ òkúta náà, gbà pé kí ẹ gbé bàbá wa lọ síwájú ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ẹ gbẹ́ orúkọ àwọn márùn-ún tó kú ní ìpín Heiba sí ara ìpìlẹ̀ tí yóò dúró lé, orúkọ bàbá wọn àti tiwọn, kí ó jinlẹ̀ débi tí ìka ọmọdé fi lè wọ inú rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ pé obìnrin ló fọ́ òkúta ilẹ̀ náà, àti bí òrùka tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ṣe fẹ̀ tó. Kí ẹ má fi irin yí i ká. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ kan bàbá rẹ̀."

Ṣé ó le jù? Ẹ má tún un kọ. Tó bá le, kó le bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ fà á, ẹ dúró dè mí. Mo tọrọ ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ alábòójútó. Ó ní nítorí kí ni. Mo ní bàbá mi ń kó lọ sílé tuntun. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀ fún kíkó ilé. Mo ní bàbá mi wúwo. Yulan yóò bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ mi, Ẹ̀gbọ́n Zhu ní òun yóò ṣe ìdajì tó kù, kí n ṣáà mú òrùka ọparun kan bọ̀ wá fún òun.

Ní ti ìbéèrè mi yẹn, tí ó bá ń dùn yín, ẹ má dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi okùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ dì mú.

Ẹ sọ fún Bowen pé ìyá rẹ̀ ni ẹni kejì láti apá ọ̀tún nínú fọ́tò, èyí tó di ojú.

Ọmọ yín,
Suyun.


Abúlé Heiba,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún.

Suyun,

Ọ̀gbẹ́ni Pu ka ìwé rẹ lójú gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Nígbà tó dé "ọmọ òkúta", ó dúró, ó tún un kà. Ó bi mí pé ìwé mélòó ni ọmọ yìí kà. Mo ní ó parí girama. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́.

Wọ́n gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo lọ wo ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ. Ó ti gbẹ́ "Deng" tán, ó ń gbẹ́ "Mingde". Mo ti ìka mi bọ̀ ọ́. Ó jinlẹ̀.

Mo lè dáhùn báyìí. Ó ti pé àádọ́ta ọdún, ìwọ nìkan lo béèrè ta ló ń dá a dúró. Gbogbo ènìyàn tó kù, bó ṣe wúwo tó ni wọ́n máa ń béèrè.

Okùn ẹ̀yìn wà nígbà náà. Ogún ènìyàn ló ń dì í mú. Mo wà lára wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ìpín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ṣíwájú, wọ́n ń fi orin bú wa. Alábòójútó pariwo pé kí àwọn ará ẹ̀yìn bọ́ síwájú, kí a lè lé wọn bá. Kò fi agbára mú mi. Inú mi dùn láti bọ́ síwájú, torí iwájú ni orin wà, iwájú sì ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Mo ju okùn sílẹ̀. N kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀.

N kò sọ fún bàbá mi. N kò sọ fún ìyá rẹ. Òkúta ni mo sọ fún. Nítorí náà, mo purọ́ fún ọ nígbà tí mo ní n kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà la ó fà á, nígbà tí a bá ti gbin ìrẹsì tán. Bàbá Yulan ni yóò dá orin. Bowen ti mọ gbígbè rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀. Màmá Yulan yóò gbé e dúró lórí òkè odò, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà, mo ti lọ wọn ibẹ̀ fúnra mi. Mo fi fọ́tò hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi ìka lé ọ lójú, ó ní, "Èyí ń sùn."

Okùn iwájú ti kún. Àwọn ọ̀dọ́ ti pín in láàárín ara wọn, wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wọn. Ti ẹ̀yìn ṣì ní àyè. Mo ti kọ orúkọ méjì síbẹ̀, tèmi àti tìrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mú ìbọ̀wọ́ ilé iṣẹ́ yín wá, okùn yẹn máa ń gé ọwọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo pé ká bọ́ síwájú, a ò ní gbọ́.

Bàbá rẹ,
Deng Mingfa.